Orúkọ Tí Wọ́n Ní Kí O Kọ Nítorí Sítíkà Orí Akoto

Adébánjọ,

Ẹ̀rù ń bà mí pé kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ, o ti kọ orúkọ wọn. Ìdí nìyí tí mi ò fi kọ́kọ́ kí ọ. Láti ọjọ́ Ẹtì tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń kà á, títí ojú ibi tí o ti ká a pọ̀ fi fẹ́ ya, ibì kan náà ni mo sì ń padà sí: ìlà mélòó kan tí o kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí o ti fọwọ́ sí i tán, bí ẹni tó rántí nǹkan kékeré kan ní ẹnu ọ̀nà. O ní kọ́ńpìnì páánù yín ti lẹ nótíìsì mọ́ ògiri pé kí olúkúlùkù yọ sítíkà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kúrò lórí akoto rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. O ní nítorí pé ìwọ ni akọ̀wé sítọ́ọ̀, ìwọ tí ò ń pín akoto fún wọn, ọ̀gá yín ní kí o rìn yí ká kí o kọ orúkọ gbogbo ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀. O wá kọ ọ́ pé, "Ẹ má dààmú, Bàbá, iṣẹ́ kékeré ni."

Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Mo ti ṣe é rí.

Ó dáa, o kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ooru Kánò ti rọlẹ̀ díẹ̀? Èmi náà wà ní àlàáfíà, bí a bá lè pe ẹni tó ń dá rédíò lóhùn ní alálàáfíà. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kọ̀wé láti Ìbàdàn, ojú ewé kan ṣoṣo, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ nípa eyín tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Mo se ìkókoré ní ọjọ́ Àìkú. Títí di òní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà tí yóò tó ẹnì kan ṣoṣo. Bí màmá rẹ ṣe ń rin ín fún ènìyàn márùn-ún ni ọwọ́ mi ṣì mọ̀. Mo jẹ ẹ́ ní Àìkú, mo jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Ajé, nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo kó ìyókù fún adìyẹ ilé kejì.

Ẹ̀yin ọmọ mọ̀ pé kí n tó di akọ̀wé káńsù, mo ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnì òyìnbó kan tó ń ṣe afárá. Mo sọ ti odò fún yín, mo sọ ti ọ̀nì tó sùn sórí pákó. Ohun tí mi ò sọ fún yín, àti fún màmá yín pàápàá, ni èyí tí mo fẹ́ kọ yìí. Fara balẹ̀ kà á. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí iṣẹ́ lo wà, fi í sápò títí di ìgbà tí o bá jókòó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà ni, gẹ̀ẹ́sì sì ń gùn mí. Bí fóòmáànù bá ṣi gẹ̀ẹ́sì sọ, èmi ni mo máa ń tún un ṣe fún un lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n fi mí sí sítọ́ọ̀, bí wọ́n ṣe fi ìwọ náà síbẹ̀. Kò sí sítíkà nígbà náà. Ọ̀dà pupa la fi ń kọ lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún orúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa sí iwájú akoto. Èmi ni ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára jù, nítorí náà èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi lé ní ọgbọ̀n. Múfútàù, ará Ìjẹ̀bú-Imusin, tí èmi àti òun jọ wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ló ń bá mi di agolo ọ̀dà mú. Nígbà tó kan tirẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, kọ tèmi kó tóbi. O rí i pé orí mi kì í ṣe kékeré."

Ìmọ̀ràn mi kìíní wà nínú ohun tí mo ṣe sí akoto káfíńtà kan, ará Ìbefún. Akoto rẹ̀ ti sán níwájú, ìlà tín-ín-rín bí irun. Mo rí i. Òun náà rí i. Ó bẹ̀ mí pé kí n má gbà á lọ́wọ́ òun, nítorí kò sí òmíràn ní sítọ́ọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí kò dé akoto gun òkè afárá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo kọ lẹ́tà àárín gba orí ibi tó sán kọjá, mo jẹ́ kí ọ̀dà rẹ̀ nípọn, kò sì sẹ́ni tó rí i mọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bóòtù irin ńlá kan já láti òkè afárá. Akoto náà là sí méjì láàrin lẹ́tà tí mo kọ. Ọkùnrin náà kò kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ó tó lè pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ láì ṣì wọ́n pè.

Nítorí náà, bí nótíìsì yín bá sọ pé sítíkà máa ń bo ibi tí akoto ti sán, má fi ṣe yẹ̀yẹ́, má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ. Òtítọ́ ni. Akoto tìrẹ náà, yí i padà sínú oòrùn lárààárọ̀, wo inú rẹ̀, wo okùn rẹ̀, fi èékánná tọ ibi tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí. Mo mọ̀ pé ìwọ lo ń pín in fún àwọn ẹlòmíràn, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń pín nǹkan kì í ráyè wo tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ Ẹtì.

Lẹ́yìn tí bóòtù yẹn já, ọ̀gá òyìnbó wọ sítọ́ọ̀ wá bá mi. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀dà pupa wà lórí akoto wọn fún òun, pé òun fẹ́ pààrọ̀ wọn. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn: òun fẹ́ pààrọ̀ wọn. Mo jókòó, mo sì kọ ọ́. Mi ò tilẹ̀ nílò kí n rìn yí ká, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí wọn lórí. Mo fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi dára lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ ìdánwò lọ.

Nígbà tí a dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ti kan ìwé náà mọ́ géètì, ìkọ̀wé mi gan-an, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ dúró sí ìta. Àwọn ènìyàn tuntun ti wà nínú. Akoto kan náà ni wọ́n dé sí wọn lórí, Bánjọ. Wọ́n kàn fi ọ̀dà funfun pa pupa rẹ́ ni. Àwọn tó ti sán náà wà láàrin wọn. Kò sí akoto kan ṣoṣo tí wọ́n pààrọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kò yé mi. Mo ní nígbà tí òyìnbó sọ pé òun fẹ́ pààrọ̀ wọn, akoto ni mo rò pé ó ń sọ, nítorí ti káfíńtà yẹn. Wọ́n gbà mí gbọ́, tàbí kí wọ́n ṣe bí ẹni pé wọ́n gbà. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún màmá rẹ nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ nìyẹn, ó sì káàánú mi. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yé mi lọ́jọ́ náà. Akoto tèmi náà ní ọ̀dà pupa níwájú. Kí n tó jókòó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, mo ti fi kẹrosíìnì nù ún kúrò.

Mo dá bírò dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ ìyẹn tán. Mo lọ da omi sí ìdí ata tí màmá rẹ gbìn. Ó ṣì ń so.

Èkejì, tàbí ìkẹta, mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́: ohun tí ó bà mí jẹ́ jù kì í ṣe ìwé náà nìkan, bí mo ṣe sá fún wọn lẹ́yìn rẹ̀ náà ni. Múfútàù kò rí iṣẹ́ òyìnbó mọ́, ó padà sí Imusin lọ gbin ẹ̀gẹ́. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa bá ní ìpàdé, mo máa ń kọ́kọ́ bojú wò láti ìta bóyá ó ti dé. Bó bá ti dé, màá wí fún wọn pé inú ń run mí, màá sì padà sílé. Nígbà tó yá, mi ò lọ mọ́ rárá. Ẹ̀yin ọmọ rò pé bàbá yín kò fẹ́ràn àwùjọ. Mo fẹ́ràn àwùjọ. Lọ́jọ́ tí a sin màmá rẹ, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi wá, Múfútàù wà láàrin wọn. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò jókòó, ó kí mi ní gbólóhùn kan, ó sì lọ. Mo fẹ́ pè é padà. Àwọn ènìyàn pọ̀ láàrin wa.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá yìí, mo fi lẹ́tà rẹ sápò, mo wọ mọ́tò lọ sí Imusin. Mo bá a ní iwájú ilé rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ta ni mò ń wò yìí? Akọ̀wé? Ṣé wọ́n tún ní kí o wá kọ orúkọ mi ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí àlejò jókòó ná."

Ó ní, "Kì í ṣe àlejò. Ẹgbẹ́ mi ni. Fún un ní ọ̀bẹ."

Báyìí ni mo ṣe jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú wọn, èmi tí mi ò bó ẹ̀gẹ́ láti ìgbà èwe. A bó o títí. Mo wá sọ ọ́. Mo ní, "Múfú, ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn, pé òun fẹ́ pààrọ̀ wọn. Ó yé mi lọ́jọ́ náà."

Kò dá ọ̀bẹ dúró. Ó ní, "Ìwọ tó ń tún gẹ̀ẹ́sì fóòmáànù ṣe lójú gbogbo wa. Bí kò bá yé ọ, ta ni ìbá yé?"

Mo ní, "O ti mọ̀ láti ìgbà náà?"

Ó ní, "Mo gbóòórùn kẹrosíìnì lára akoto rẹ."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́. Ó ní, "Mo ń dúró kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Mi ò mọ̀ pé yóò pẹ́ tó yìí." Ó wá wo ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó mi, bá mi wo ohun tí akọ̀wé ń ṣe sí ẹ̀gẹ́ yìí. Ó ti bó o títí ó fi ku òwú àárín rẹ̀." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú mi, mo sì díbọ́n pé oje ẹ̀gẹ́ ló ta sí mi lójú.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún un. Ó ní kí n tún ibi ti sítíkà kà. Ó wá bi mí bóyá àwọn ọ̀gá yín fúnra wọn kò ní sítíkà kankan. Mo rántí pé ní oṣù tó kọjá o kọ ọ́ sí mi pé kọ́ńpìnì fún àwọn fóòmáànù ní sítíkà aláwọ̀ ewé nítorí pé jàǹbá kankan kò ṣẹlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Àwọn yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yọ wọ́n? Gọ́ọ̀mù tiwọn kì í bo ibi tó sán ni?"

Mo ní èmi yóò bi ọ́. Ìwọ lo lè lọ wò ó. Bí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀, ti ẹgbẹ́ àti ti kọ́ńpìnì, orí àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń rò, kí ẹ̀yin náà sì yọ tiyín láì jà. Kí ẹgbẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí irinṣẹ́, tàbí kí ẹ rán an mọ́ àpò ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ti ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń wá, o ti mọ ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Múfútàù ní kí n sọ èyí fún ọ, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Bó bá wu ọmọ náà, kó yọ tirẹ̀. Orí tirẹ̀ nìyẹn, mi ò ní bá a bínú. Ìwé yẹn ni kó má kọ."

Mo ti ronú bí o ṣe lè ṣe é. Lọ bá ọ̀gá rẹ ní àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bí i nínú. Má dúró bí ẹni tó wá jà, má sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí o ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́. Sọ fún un pé akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni ọ́, iṣẹ́ rẹ ni kí o máa yẹ akoto wò. Sọ pé o ti ṣe tán láti yẹ gbogbo akoto tó wà nílé iṣẹ́ náà wò, ti ọ̀gá àti ti òṣìṣẹ́, kí o sì kọ nọ́ńbà èyí tó bá sán kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà akoto, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Èyí tó sán, kì í ṣe èyí tó ní sítíkà. Kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé fún un pẹ̀lú, ẹ̀dà méjì, fi ọ̀kan pamọ́ sílé. Bó bá tún sọ fún ọ pé òun kàn fẹ́ pààrọ̀ wọn, bi í léèrè pé, "Ọ̀gá, àwọn wo?" Ìbéèrè kékeré yẹn ni mi ò bi òyìnbó yẹn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé wọ́n ní kí o kọ orúkọ wọn, àti ohun tí o fi dáhùn. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Kí o sì bá wọn jẹun lọ́sàn-án.

Mo mọ̀ pé wọn kò tíì fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀, mo sì mọ̀ bí iṣẹ́ ṣe ṣòro láti rí. Wọ́n lè dá ọ dúró. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Èyí ni ibi tí mi ò gbọ́kàn lé ara mi: nígbà tí mo ronú pé wọ́n lè dá ọ dúró, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ti rò ó bí o ṣe máa wọlé pẹ̀lú àpótí rẹ, bí màá ṣe rin ewùrà tí kò ní ṣẹ́ kù. Mo tilẹ̀ ti gbá yàrá rẹ. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí. Nítorí náà, má ṣe ìpinnu yìí nítorí mi, ì báà ṣe kí o lè padà wá bá mi, ì báà ṣe kí o má jẹ́ kí n dààmú. Yàrá náà wà níbẹ̀ bí o bá fẹ́ ẹ. Bí o bá dúró sí Kánò fún ogún ọdún, yóò ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà ti ní ibi tí mò ń lọ báyìí: Múfútàù ní ẹ̀gẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀, kí n padà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó o.

Mo ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ ní gáréèjì. Ó ń lọ sí Kánò lọ́la, ó ní òun yóò fi lẹ́tà yìí lé mẹ́gáàdì yín lọ́wọ́, nítorí ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ ti pẹ́ jù fún mi.

Jọ̀wọ́, Àjàní mi, kọ̀wé padà kíá. Kò níláti gùn. Sọ ohun tí ọ̀gá rẹ wí fún mi, àti bí ara rẹ ṣe rí. Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́tà yìí ti pẹ́ jù, tí o ti kọ orúkọ wọn fún un, kọ ìyẹn náà sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Má ṣe dúró pẹ́ bí mo ṣe dúró.

Bàbá rẹ,
ní Ìjẹ̀bú-Òde.